Àlùbọ́sà Di Onílé

Lọ́dọ̀ wa, wọn á gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sínú epo gbígbóná, ata á sì gba gbogbo ìyìn. Ní Mostar, ní orílẹ̀-èdè Bosnia, àlùbọ́sà gan-an ni onílé. Ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì ni ayálégbé. Sogan-dolma ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà.

Wọn á bó àlùbọ́sà náà, wọn á bọ̀ ọ́ nínú omi tó ní ọtí kíkan díẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn. Ẹ ó máa yọ awẹ́ rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan láì fà á ya. Èyí tó wà lóde gbọ́ràn. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ àárín, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Bí ẹ bá wá ń kó ẹran àti ìrẹsì sínú awẹ́ náà, ẹ má ṣe ojúkòkòrò o: ìrẹsì náà kò tíì jinná, yóò sì wú. Ayálégbé tó bá sanra jù á wó ilé.

Ẹ tò wọ́n há ara wọn nínú ìkòkò, kí iná rọra máa jó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ebi bá ń pa kó tètè wá gààrí mu.