Kí Aṣọ Mi Lè Fi Ẹ̀gbẹ́ Dúró

Ẹni tó bá ń kọ́lé sílé láti ìlú òyìnbó, orí fóònù ló ń kọ́ ọ sí. Láti ìpìlẹ̀ dé dẹ́kìǹ, láti dẹ́kìǹ dé òrùlé, fọ́tò ni mo fi ń rí ilé mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Nígbà tó kan wọ́dúróòbù, fọ́tò náà ni. Káfíńtà wa sì mọ fọ́tò í yà. Ọ̀kánkán ló máa ń dúró sí: ilẹ̀kùn mẹ́rin tó ń dán gbinrin, ọwọ́ ìfàlẹ̀kùn aláwọ̀ wúrà, àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fẹyín. Mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo wọn ní “Àǹtí, ẹ kú oríire o!” Kò sẹ́ni tó ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni mo délé. Mo bọ́ kóòtù ọrùn mi, mo fi háńgà gbé e kọ́ sínú wọ́dúróòbù, mo ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò pàdé. Mo fi ìdí tì í. Apá kóòtù yọ síta lápá kan, ilẹ̀kùn kejì sì ta padà, ó gbá mi níwájú orí.

Mo wá téèpù, mo wọn bó ṣe jìn sí. Íǹṣì 16! Mo tún un wọ̀n nísàlẹ̀, bóyá òkè ló ń rẹ́ mi jẹ. Íǹṣì 16 náà ni. Háńgà àgbàlagbà nìkan, ká má tíì fi aṣọ lé e, ó tó íǹṣì 17 tàbí kó lé díẹ̀. Èjìká kóòtù á tún yọ sí i lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ń fún wọ́dúróòbù ní íǹṣì 24, ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé. Mo kọ 24 yìí sínú pílánù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo fi bírò pupa yí i po.

Wọ́n pe káfíńtà. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé orí ìka nìkan ló kan ilẹ̀.

“Àǹtí London, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ò tiẹ̀ gbó rárá.”

“Wọ́dúróòbù yìí kò gba aṣọ.”

“Ó gba aṣọ, mà. Aṣọ yín ló láyà.”

Bí àbúrò mi ṣe dákẹ́ ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Páálí pákó tí wọ́n fi ṣe é, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 48. Bí o bá là á ní 24, méjì ni wàá rí. Bí o bá là á ní 16, mẹ́ta ló máa jáde. Nínú pákó mẹ́ta tí mo bá sanwó rẹ̀ lọ́jà pákó Bódìjà, ọ̀kan ti bá tirẹ̀ lọ. Ìjìnlẹ̀ wọ́dúróòbù mi ló fi jẹun. Síbẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn: mo ní kó má fi arère ṣe fírémù nítorí kòkòrò, apá ló sì fi ṣe é lóòótọ́. Ojúlówó apá. Ikán á tẹ́ níbẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká kan ìkọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀,” ló wí. “Aṣọ á máa kọjú síta, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Bí àwọn òyìnbó náà ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Ta ló sọ fún un? Nítorí pé òótọ́ ni. Ilé tí à ń gbé ní Peckham, ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ibi ìdáná àtijọ́ yọ láàárín ògiri yàrá, ó fi kọ̀rọ̀ kan sọ́tùn-ún, ó fi ọ̀kan sósì, inú kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni onílé kan wọ́dúróòbù mọ́. Kò jìn. Aṣọ kì í fi ẹ̀gbẹ́ dúró níbẹ̀, ńṣe ló ń dojú kọ ọ́. Bí o bá ń wá èyí tó wà lẹ́yìn, wàá kọ́kọ́ kó tiwájú dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Gèlè wà nínú àpótí, àpótí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sì fún ilẹ̀kùn pa. Òṣùwọ̀n tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 2015 fún ilé tuntun ní mítà onígun mẹ́rin 7.5 ti tó fún yàrá ẹnì kan, 11.5 fún ẹni méjì. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí bíríkìlà èyíkéyìí n'Ìbàdàn á là fún ọ láìwo ìwé, ó lé ní 13. Kí aṣọ mi lè fi ẹ̀gbẹ́ dúró ni mo ṣe ń kọ́lé. Ohun tí mo sá fún ní Peckham ni káfíńtà wá kàn mọ́ ògiri fún mi n'Ìbàdàn, ó tún fi ọwọ́ aláwọ̀ wúrà sí i.

Màmá mi ti ń gbọ́ ariwo wa láti pálọ̀. Wọ́n wọlé.

“Èwo ni ti àso-kọ́-so-kọ́ bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà? Kíká ni wọ́n ń ká aṣọ òkè. Léèsì olókùúta tí o bá so kọ́, fífà ló máa fà. Ká a, ju káńfọ̀ sí i.”

Wọ́n fa sányán bàbá mi yọ láti inú àpótí irin tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ, wọ́n tú u ká sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ṣì mú. Òórùn káńfọ̀ gba yàrá kan. N ò lè fèsì. Káfíńtà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní “Ìyá, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa.” Kíá ló ti ń wọn ibi tó máa to pẹpẹ sí.

Àpótí ìrìnnà mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Bí mo bá wá sílé, inú rẹ̀ ni aṣọ mi ń wà títí mo fi ń padà. Kóòtù nìkan ló máa ń jáde, kóòtù tí kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú oòrùn Ìbàdàn. Èyí tí pílánù pè ní yàrá àwọn ọmọ, àpò ìrẹsì àti jẹnẹrétọ̀ àbúrò mi ló ń sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ní ẹ̀fọn pọ̀. Yàrá márùn-ún, màmá mi nìkan ló ń tan iná níbẹ̀ lálẹ́. Inú bí mi. N ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí, ni mo bá kọjú sí káfíńtà, ó kúkú wà nítòsí.

Mo ní kó fi pẹpẹ sí ti màmá, ṣùgbọ́n tèmi, íǹṣì 24 ni mo fẹ́. Ó ní òun á fa iwájú rẹ̀ jáde ní íǹṣì 8: pákó tuntun, owó tuntun. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Bí ó bá fà á jáde, súwíìṣì iná á bọ́ sínú wọ́dúróòbù.

“Kò burú, Àǹtí. Bí ẹ bá fẹ́ tan iná, ẹ kàn ṣí wọ́dúróòbù ni.”

“Báwo ni mo ṣe máa rí wọ́dúróòbù nínú òkùnkùn?”

“Fóònù yín ò ní tọ́ọ̀ṣì ni, mà?”

Mo ti padà sí London. Oníṣẹ́ iná ní òun ò lè sún súwíìṣì àfi tí bíríkìlà bá gbẹ́ ògiri. Bíríkìlà ní òun ò ní fọwọ́ kan ògiri àfi tí pẹ́ńtà bá gbà pé òun á tún un kùn. Pẹ́ńtà ti gbowó rẹ̀ tán kí n tó délé, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.