Oríkì Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tásì Bantè

Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn, mo wólẹ̀, mo yíràá!
A-tì-má-tì, ọmọ ajórin,
A-pa-á-dé-ó-tún-yanu, ọkọ okùn ọ̀rá.
Ìbàdí rẹ funfun, èjìká rẹ aláwọ̀ ewé,
ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pupa ni.
Níbi tí ẹgbẹ́ rẹ gbé fi dígí ríran,
pákó ni ìwọ fi bojú,
o ní ọlọ́lá kì í wẹ̀yìn.

Ẹ dá ìlù dúró ná, kí n ròyìn bó ṣe gorí ìtẹ́. Peugeot 504 jáde ní 1968. Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, ló di tásì ọ̀nà jíjìn kiri ilẹ̀ wa. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bí mọ́ tásì tí mò ń wí ti jẹrà tipẹ́. Ara òkú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ olóyè wa. Lọ́jọ́ ìwúyè, ọkọ̀ ṣófo, ilẹ̀ tẹ́jú. Ajórin fojú wọ̀n ọ́n, ó fi irin méjì so ó rọ̀ mọ́ òrùlé, ó tì í: gbàà! Gáréèjì pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó padé láyé rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ti kó àpò gàrí Savalou wọlé, ẹrù tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, ara ọkọ̀ lọ́, ẹnu ọ̀nà tó ṣe rẹ́gí láàárọ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ihò àgádágodo dorí kọ ọ̀tún, ahọ́n rẹ̀ dorí kọ òsì, wọn ò sì tíì bára wọn sọ̀rọ̀ dòní. Ajórin ì bá ti di ẹrù sínú ọkọ̀ kó tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró de ẹrù kó tó gbowó iṣẹ́?

Ẹ lùlù!
A-yanu-kọjá-níwájú-ààfin Gbaguidi,
ọba Savalou ò bi ọ́ pé èéṣe.
Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, tí Savalou ń ṣọdún iṣu,
wọn ò tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ,
odidi iṣu lààbòkò ti wà lẹ́nu rẹ,
ìdajì nínú, ìdajì níta.
A-gbéwúrẹ́-lẹ́nu-má-gbé-e-mì,
ewúrẹ́ ń ka abúlé láti Ìdáàṣà dé Bassila,
ó mọ̀nà ju awakọ̀ lọ.

Lójú títì, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ò hàn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní Bantè, tó yà sójú amọ̀ pupa lọ sí Agoua, ni iṣẹ́ oyè bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo fún afẹ́fẹ́, òfìfo náà á sì fa eruku àti èéfín padà wá síbi tí àyè bá wà. Àyè wà lọ́dọ̀ rẹ, olówó orí àyè! Ọmọ Ìcà wọlé dúdú, ó sọ̀ kalẹ̀ pupa, ìyá rẹ̀ kí i káàbọ̀ àlejò.

Mo gbọ́ ti àwọn ìbátan rẹ ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn kan ilé kékeré onítáyà, tó rí roboto níwájú, tó sì tẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí mọ́tò ń fà. Ẹ̀yìn ni ilé ìdáná wà. Wọ́n á gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè, yóò di ibòòji lórí ẹni tó ń dáná. Òjò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, torí náà wọ́n fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì wá fi irin tí gáàsì wà nínú rẹ̀ gbé e dúró. Ìwọ ńkọ́? Ègé tìmùtìmù ni rọ́bà rẹ. Igi ọmọ ọkọ̀ ló gbé ọ dúró, bí igi bá sì yẹ̀, orí alábàárù ni ìbùkún rẹ ń sọ̀ sí.

Ọlọ́pàá ní kí ló dé tí ilẹ̀kùn yìí ò padé.
Awakọ̀ ní, “Ọ̀gá, ilẹ̀kùn padé, ẹrù ni kò gbà.”
A-rí-ẹrù-dì-lẹ́bi!
Okùn ló dì ọ́ mú, okùn ò joyè.
Ọmọ ọkọ̀ ló so okùn, ìdúró ló dúró dé Djougou.
Ìwọ lo jókòó, ìwọ la ń kí.

Kádé ó pẹ́ lórí, kí okùn pẹ́ nídìí.
Akéwì kì í kígbe lásán, olóyè.
Mi ò tọrọ ẹṣin, mi ò tọrọ agbádá:
àpò kajú mi tí o pọ̀ sílẹ̀ láàárín Gouka àti Bantè,
èwo ni ká ti gbọ́?