Agídí Steve Jobs àti Bọ́tìnnì Ọlọ́fà

Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí Steve Jobs ṣe? Ẹ fàga sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Nígbà tí Macintosh àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1984, ẹ wá bọ́tìnnì ọlọ́fà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i. Ọ̀gá ní dandan ni, kí tọmọdé tàgbà kọ́ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú. Agídí ọkùnrin yẹn, háà! Ọdún 1985 ló kúrò ní Apple. Nígbà tí Mac Plus máa fi jáde lọ́dún 1986, ọlọ́fà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sórí tiẹ̀. Èmi ò ní ẹnikẹ́ni ń retí kó lọ o. Ọdún ni mo kà fún yín.

Ẹ jẹ́ n yà sọ́dọ̀ Bill Joy ná, ẹni tó kọ vi, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ní Berkeley. Ẹ̀rọ ADM-3A tó ń lò nígbà náà, orí H, J, K àti L ni wọ́n ya ọfà sí. Ló bá kúkú fi lẹ́tà mẹ́rin yẹn rìn nínú ìwé. ADM-3A ti kógbá wọlé tipẹ́, síbẹ̀, ẹ wo àwọn ọmọ tó ń kọ pírógíráàmù lónìí: ọlọ́fà ń wò wọ́n lójú, H àti J ni wọ́n ń tẹ̀!

Larry Tesler ní tiẹ̀, tó wà lára àwọn tó kọ́ wa ní gígé ọ̀rọ̀ ká lẹ̀ ẹ́ mọ́bòmíràn, kò fẹ́ rí i kí bọ́tìnnì kan máa kọ lẹ́tà nísinsìnyí, kó tún máa rìn láìpẹ́. Àní ó kọ NO MODES sí nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀. Tó bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́?

Kí ni mo ń sọ bọ̀? Ẹ̀n-ẹ́n, Mac. Ẹ ṣáà mọ Bàbá Tápíìsì wa, tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù wọn? Ọmọ wọn ra Mac fún wọn. Wọ́n tẹ Home kí wọ́n lè padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà, bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí Windows. Ni ojú ìwé bá fò lọ sókè pátápátá, igi tín-ín-rín tó ń ṣẹ́jú yẹn ò sì kúrò níbi tó wà. Bàbá ní gbájúẹ̀ lẹni tó tà á fún ọmọ àwọn.

Gbájúẹ̀ kọ́, bí Mac ṣe ń ṣe nìyẹn. Command pẹ̀lú ọfà òsì ló ń gbéni lọ síbẹ̀rẹ̀ ìlà. Option pẹ̀lú ọfà ló ń fò láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ctrl ló ń ṣe ìyẹn lórí Windows. Ẹni tó bá máa ṣàlàyé fún bàbá, kó yáa tètè o, wọ́n ti ń wá fìlà tí wọ́n máa dé lọ bá ẹni tó tà á jà.