Ọmọ Lándíọ̀dù Di Olórí Ẹgbẹ́ Ayálégbé

Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ jẹ́ kí n máa rí ojú yín. Ṣé ẹ rántí ọmọ Bàbá Lándíọ̀dù wa, èyí tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa bú ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bí ẹni pé ASUU jẹ ẹ́ lówó? Òun náà ni mo ń wí. Ó wálé ṣe Kérésì láti ìlú Ọba, a rò pé bàtà àti lọ́fínńdà ló máa kó dé. Ó kó o dé lóòótọ́. Àmọ́ ó tún kó yúníọ̀n dé sínú agbo ilé.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní orírun. Ọdún 2016 lọmọ yìí wọ yunifásítì, ọdún mẹ́rin ló yẹ kó lò. Ó ku díẹ̀ kó jáde làwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ó sì di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Gbogbo rẹ̀ ló fi jókòó síbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀pà sísè nínú abọ́. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, ASUU ni yóò fi dáhùn. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá di ààrẹ, gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lòun máa fòfin dè. Ìyá Alákàrà tó ń dín tirẹ̀ níwájú ilé ní, "Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹgbẹ́ alákàrà, kí n wo ohun tí wàá fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀." Ẹnu obìnrin yẹn náà ha ń sinmi? Òun ló sọ fún wòlíì kan lọ́jọ́sí pé... Rárá, ẹ jẹ́ n fi ti wòlíì sílẹ̀, ilẹ̀ á ṣú.

Ìgbà tó jáde yunifásítì, tó sì ṣe àgùnbánirọ̀ tán, Bàbá ta ilẹ̀ méjì ní Ọbadà, wọ́n fi rán an lọ ka másítàsì. Másítàsì náà la sì ń pè é dòní. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ló lọ. Ó ní òun ń lọ síbi tí olùkọ́ ti mọ iṣẹ́ níyì.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ọmọ wa jí, ó kó kóòtù wọ̀, ó kó ìbọ̀wọ́ wọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù dé ẹnu géètì ilé ìwé. Ta ló bá níbẹ̀? Àwọn olùkọ́ rẹ̀! Wọ́n gbé pátákó dání, wọ́n ń kọrin, ajá kan tiẹ̀ wà láàárín wọn tó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ yunifásítì tó tó 70,000, ní ilé ìwé 150, ló yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ yẹn. Ó pe ìyá rẹ̀ lálẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Mọ́mì, wọ́n mà ti tọ̀ mí wá!"

Ìyá rẹ̀ rò pé àwọn ayé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ohun tó wá ya ọmọ náà lẹ́nu ni pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n dá, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ 24, 25 àti 30. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn padà sí kíláàsì. Ó tún gbọ́ pé kí wọ́n tó lè dá a, ìwé ìdìbò á dé ilé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan látọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, òfin ọdún 2016 sì sọ nígbà náà pé bí ìdajì wọn ò bá dìbò, kò sí ìyanṣẹ́lódì kankan. Kì í ṣe kí ẹnì kan gun tábìlì kó pariwo "Àlútà!" kí gbogbo èrò sì hó yèè. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà bu tíì fún un nínú fúláàsì, ó bi í pé wákàtí mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ogún wákàtí ni ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun, nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn arúgbó ni ọmọ wa ń tọ́jú, láti ilé kan sí òmíràn, àwọn tó gbà á síṣẹ́ kì í sì í san owó ìrìn àárín ilé méjì. Ó ti rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ ló fà á wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ẹyọ kan, owó ìrìn wọlé. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà làwọn nọ́ọ̀sì náà jáde sójú títì, èyí tí ẹgbẹ́ wọn ò ṣe rí ní England láti ọdún 106 tó ti wà. Òjò dídì ń bọ́, ọmọ Lándíọ̀dù ń pín bisikíìtì fún wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó re òkè òkun ló ń bọ̀ báyẹn o. Àbúrò Bàbá, Bọ̀dá Texas, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tó ti kàwé, òfin ní kò sẹ́ni tó lè fipá mú òṣìṣẹ́ san owó ẹgbẹ́, Bọ̀dá sì gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yúníọ̀n. Ẹ ò wá rí ìjà lórí ìrẹsì Kérésì! Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ gba imú bíi ti London, èkejì ń lọ́ ahọ́n bíi ti Amẹ́ríkà, ẹran ń tutù lọ. Bàbá wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé ilẹ̀ tí mo tà lẹ ń bá jà ni?"

Ẹ sì mọ̀ pé pọ́ǹpù ilé wa ti kú látìgbà Iléyá. Yàrá mẹ́sàn-án, gbogbo wa ń pọnmi níta. Ni Másítàsì bá dá ẹgbẹ́ ayálégbé sílẹ̀, ó ra àpòòwé. Ó pín in lójúlé lójúlé: bí a bá fẹ́ dá owó ilé dúró títí Bàbá yóò fi tún pọ́ǹpù ṣe, ká tẹ̀ka sójú "bẹ́ẹ̀ ni". Bàbá tirẹ̀ gan-an o! Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Màmá Àgbà, ìyá Bàbá, ń fín aṣáárà rẹ̀ lábẹ́ ọdán. Ó ní, "Ṣé irú ti Ìyá Kuti lẹ fẹ́ ṣe?" Àṣé ọmọdé ni Màmá Àgbà nígbà ìjà Ìyá Kuti, àwọn ni wọ́n ru àpótí ìyá wọn dé Aké, níwájú ààfin Aláké ní Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà lọ sí England lọ́dún 1919, ó dé lọ́dún 1922, ó já orúkọ Frances sọnù. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó mọ̀wé ló kọ́kọ́ dá, kó tó di pé àwọn ìyá ọlọ́jà tí àwọn aláṣẹ ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn wọ inú rẹ̀, tó sì ń kọ́ wọn ní a-b-d. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ nígbà tí òun àtàwọn obìnrin náà kún iwájú ààfin lọ́dún 1947 nítorí owó orí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Màmá Àgbà ní àpótí yẹn wúwo ju òun lọ.

Ọjọ́ ìkàbò dé. Bàbá jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé nírun. Ti Télọ̀, owó àjọ la bá nínú àpòòwé rẹ̀, alájọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́jọ. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Yàrá mẹ́sàn-án la jẹ́. Àmọ́ àpòòwé kẹwàá wà nílẹ̀. Ìtẹ̀ka kan ló wà lójú "bẹ́ẹ̀ ni", kì í ṣe tadáwà, ó pọ́n rúsúrúsú. Bàbá gbà á, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo abẹ́ ọdán. Màmá Àgbà ti ń sùn, tàbí kí n sọ pé wọ́n di ojú.

Pọ́ǹpù ló ń dún yẹn, ẹ ò gbọ́ ọ? Ẹ dákẹ́ ná, ta ló ń kanlẹ̀kùn? Másítàsì ni. Owó ẹgbẹ́ ló wá gbà. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti jáde.