Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Fi Àtàǹpàkò Wọn Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi Alfa, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú òòrùn àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin, ẹ kú ariwo ọlọ́kadà. Ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi lọ́jọ́ tí ẹ dìde lórí bẹ́ńṣì, tí ẹ di ojú kan, tí ẹ na àtàǹpàkò síhà Òkè Sóbì, tí ẹ sì dájọ́ pé Olúmọ kò tó o, Ìdànrè kò tó o. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ará àdúgbò bá wa dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó bá sún mọ́ni ló máa ń ga lójú ẹni. Bí awọnlẹ̀ bá fẹ́ mọ èyí tó ga nínú òkè méjì tó rí ara wọn, orí ọ̀kan ni yóò gùn. Yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò tún un ṣe títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kó tó fi wo orí èkejì. Bí ìyẹn bá yọ lókè ìlà inú awò, òun ló ga jù. Síbẹ̀, ìṣirò kù, torí ayé rí roboto. Òkè méjì tó ga dọ́gba, tí kìlómítà 10 wà láàárín wọn, èkejì yóò dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bíi mítà 7 kéré. Ṣé àtàǹpàkò yín mọ ìyẹn?

Àwọn awọnlẹ̀ Íńdíà kò ráyè wọ Nepal láyé ọjọ́un. Òkèèrè ni wọ́n ti wo àwọn òkè Himalaya, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ ni wọ́n ti wò wọ́n. Kangchenjunga ni wọ́n ti ń pè ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1856, Everest ló gbapò. Ẹ̀yin, orí bẹ́ńṣì kan ṣoṣo!

Ojú òkun ni wọ́n ti ń ka gíga òkè, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Sóbì tó nǹkan bíi mítà 394, Olúmọ tó 137. Ó dáa, ẹ borí Olúmọ àwọn Ẹ̀gbá, àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ Ìlọrin ló gbé Sóbì lẹ́yìn: pápá ọkọ̀ òfurufú wa nìkan ti lé ní mítà 340. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Táíwò, tí ẹ ń mu fùrá, ẹ ga ju ẹni tó sanwó, tó làágùn dé ṣóńṣó Olúmọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìyẹn ṣakọ, mi ò ní bá yín jà.

Ìdànrè ńkọ́? Ó tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ìyẹn mítà 900 ó lé. Ó ju ìlọ́po méjì Sóbì lọ.

Ìdànrè ló jáwé olúborí, Sóbì ṣìkejì. Mo mọ̀ pé Alfa kì í ta tẹ́tẹ́, nítorí náà ẹ ṣe é ní sàárà: wàrà díndín ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ata rẹ̀ pọ̀ dáadáa.

Èmi ni, àbúrò yín.