Gbogbo Ayé Ń Da Omi Síwájú

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Báyìí ni Yorùbá ṣe ń yin ẹni tó ro ọ̀la kó tó dé. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko l'Ékòó, kò sẹ́ni tí kì í da omi síwájú, pàápàá síwájú ilé aládùúgbò. Ilẹ̀ sì tutù lóòótọ́. Ó tutù dé orúnkún.

Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni agbègbè náà, lẹ́bàá ọ̀sà tó lọ sí Bàdágírì. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ti kan omi. Òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ́dún máa ń kọjá 1,500 mìlímítà, kì í sì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Oṣù Kẹfà nìkan lè kó ju 300 mìlímítà lọ. Òjò á sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, á tún padà dé ní Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá. Láyé àtijọ́, àbàtà ló ń gba omi yìí lálejò títí yóò fi wọlẹ̀ tàbí kó rọra wọ ọ̀sà. Àbàtà kì í gbowó oṣù, kò sì ní ọ́fíìsì, ni wọ́n bá gbà pé kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́, wọ́n tà á.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni àwọn tó rà á ní, ìyẹn ni kí ilẹ̀ tiwọn ga. Onílé àkọ́kọ́ á da yanrìn típà-típà, á mọ fẹ́ńsì, omi á yà sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹnì kejì á da tirẹ̀ kó lè borí ti àkọ́kọ́. Ìdíje yìí kì í dáwọ́ dúró títí fèrèsé ilé àtijọ́ yóò fi bá títì dọ́gba. Ẹni tí kò rówó ra yanrìn ni gbogbo àdúgbò sọ di àbàtà tuntun.

Ìjọba náà mọ omi í dà síwájú. Gọ́tà á bẹ̀rẹ̀ níbi tó wuyì, á sì parí níbi tí owó bá parí sí, lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Babatunde Fashola, gómìnà Èkó nígbà náà, ni wọ́n dáwọ́ lé fífẹ títì Èkó sí Bàdágírì sí ọ̀nà ọkọ̀ mẹ́wàá, tí ọkọ̀ ojú irin yóò gba àárín rẹ̀ dé Okokomaiko. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló dúró sí, kò dé Okokomaiko. Omi òjò ní tirẹ̀ kì í dúró ní Mile 2. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dí gọ́tà. Òfin dára, àmọ́ ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú gọ́tà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ létí rẹ̀, ń dúró de òjò tí yóò dá a padà.

Iṣẹ́ tó bá ìgbà òjò mu ní ètò. Àkọ́kọ́ ni pé ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí gọ́tà ti ń wọ ọ̀sà. Ibẹ̀ nílò ìlẹ̀kùn tí yóò tì nígbà tí ọ̀sà bá kún, kí omi má bàa padà wọlé, àti ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi jáde. Lẹ́yìn èyí ni gọ́tà yóò máa gòkè bọ̀, kó tó kan ọ̀dà títì. Títì tó bá sì ga ju ilé lọ gbọ́dọ̀ ní ihò tó tóbi lábẹ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti di ìdènà odò.

Èkejì ni pé kí omi níbi tí yóò dúró sí. Ní Bangkok, Yunifásítì Chulalongkorn ṣí ọgbà ìgbafẹ́ éékà 11 kan lọ́dún 2017. Wọ́n tẹ ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí òjò lè ṣàn sínú adágún, ọgbà náà sì lè gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù. Pápá ìṣeré ilé-ìwé tí wọ́n bá gbẹ́ rẹlẹ̀ ju títì lọ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀jọ́. Ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò. Àbàtà tó bá ṣẹ́ kù kò nílò kọ́ńtíráàtì. Kí wọ́n má tà á ni.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Oṣù Kejì ni gọ́tà gbẹ, ìgbà náà ni ṣọ́bìrì rọrùn jù lọ láti lò, tí ẹrẹ̀ sì fúyẹ́ láti kó. Oṣù Kẹfà ni àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti wá, nítorí bàtà òjò máa ń hàn dáadáa nínú fọ́tò.