Ìkìlọ̀ Àgbà fún Òṣèré Tí Kò Ní Ìwé Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ tíátà, ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó dúró bí ọmọlúàbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ò ní í wà lẹ́yìn ìtàgé kí ẹ máa pa eré lójú mi. Ìwà ìbàjẹ́ ti gbilẹ̀ láàárín yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀, kí àwọn baba ńlá alárìnjò má baà wá gba ẹ̀wù eré lọ́rùn yín.

Ẹ ní torí pé ẹ kò níwèé eré lọ́wọ́ ni ẹ ṣe ń kálòlò. Irọ́ ni! Láyé ẹgbẹ́ tíátà Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa fún kálukú, ó di ọwọ́ òṣèré láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ọ̀rọ̀ àná lè yí padà lónìí, bí ìlú àti òǹwòran bá ṣe rí. Àìníwèé kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló ń bá yín jà, mo sì ti kà á.

Ẹ̀ṣẹ̀ kìn-ín-ní ni kíkọ ohun tí ẹnìkejì gbé wá. Mo fojú mi rí i. Ọmọkùnrin kan já wọ orí ìtàgé, ó figbe bọnu: “Ẹ gbà mí o, Bàbá Onílé, ewúrẹ́ yín ti jẹ owó ilé mi!” Gbogbo èrò ti ń múra ẹ̀rín. Kí ni Bàbá Onílé wí? “Èmi ò ní ewúrẹ́.” Háà! Ewúrẹ́ kú, owó kú, eré kú. Ọlọgbọ́n ì bá ní: “Ó dáa, ewúrẹ́ ti bá mi gba tọdún yìí nìyẹn. Tèṣí ńkọ́? Ṣé àgbò ló jẹ ìyẹn?” Ó gba ohun tí wọ́n gbé fún un, ó sì fi tirẹ̀ lé e. Bí ayálégbé bá lọ́gbọ́n lórí, yóò fa rìsíìtì yọ lápò, èyí tí ewúrẹ́ fi pátákò tẹ̀. Arábìnrin Viola Spolin, ará Ṣikágò, kọ odindi ìwé lórí irú eré báyìí ní 1963. Eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe ló fi kọ́ àwọn òṣèré. Ẹ̀yin tí ẹ fi bojúbojú dàgbà, kí ni àwáwí yín?

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni ojú tí kò ríran. Ní 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, jókòó ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó ń wòran eégún apidán. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣeré lójú òyìnbó! Eégún náà funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹlẹ̀ bí òyìnbó tó bọ́ bàtà. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn? Ojú ni wọ́n fi jí ìrìn àlejò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ó gbé ìkòkò tí a kò rí sórí tábìlì tí a kò rí. Kò ní í pẹ́ tí ẹ ó gba àárín tábìlì ọ̀hún kọjá. Ṣé iwin ni yín ni?

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta: gbogbo yín lẹ fẹ́ ṣe ọba. Adé páálí kì í sọni dọba. Ìdọ̀bálẹ̀ ìjòyè ló ń ṣe é. Bí ìjòyè bá nàró, tó ń họ imú, kábíyèsí di aláìnílé. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Ó gbé aago ńlá kọ́ra, ó de táì ràbàtà, ó gbé dígí ràgàjì sójú, ó sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ayé ń rẹ́ jẹ. Òun náà sì ni gbogbo ojú ń wò.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin ló burú jù: etí dídi. Ẹnìkejì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ń se ẹ̀fẹ̀ tiyín níkùn. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ fèsì sí. Orúkọ tó bá fún yín, ẹ jẹ́ ẹ dópin. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá: ewúrẹ́ tó wọlé níbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ké kí eré tó parí. Ìwọ tó ò ń nawọ́ yẹn, kí ló dé? Mò ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́rọ̀, o fẹ́ sọ̀rọ̀. Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀!

Èyí tó kù, ẹ mọ ìgbà tí a ń kúrò lójú agbo. Bí ẹ̀rín bá ti bú, ẹ wọlé, kí onílù gbà á. Ẹni tó bá dúró de ẹ̀rín kejì, òun nìkan ni yóò di gbogbo ìlù sínú mọ́tò lálẹ́ yìí. Mi ò ṣépè o. Òfin ẹgbẹ́ ni, àwọn onílù sì ti ní àwọn fara mọ́ ọn.